Bí Ọmọdé Bá Láṣọ Bí Àgbà: 'Psycho' ti 1960 àti Èyí Tí Wọ́n Tún Yà Lọ́dún 1998

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú kọ́ la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi tiwọn sílẹ̀ ná, torí ẹ̀rù tí wọ́n ń dá bà wá lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù. Ẹ̀rù tí èèyàn ń fi owó ara ẹ̀ rà ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn ẹ̀rù inú fíìmù.

Ilé mi lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé kan, mo jókòó sí pálọ̀ mi, mo ń wo fíìmù àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Psycho, èyí tí ọ̀gbẹ́ni Alfred Hitchcock yà lọ́dún 1960. Bí àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ṣe wọlé nìyẹn, ó wo tẹlifíṣàn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú sùúrù. Kí lẹ tún ń wò tó dà bíi fọ́tò ìgbéyàwó bàbá bàbá wa yìí?" Mo ní fíìmù tó kó jìnnìjìnnì bá gbogbo Amẹ́ríkà ni. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé wọ́n ti tún un yà lọ́dún 1998 ni? Àwọ̀ mèremère ni, òṣèré tuntun ni, ọ̀rọ̀ kan náà, ìtàn kan náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti ṣe mọ́tò tuntun, ta ló tún ń wa èyí tí wọ́n ń fi irin yí níwájú kó tó ṣíná?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú díẹ̀. Mo fèsì, òun náà fèsì, ó di ariwo. Ìyàwó mi tó ń já ewédú lọ́wọ́ ló pa ẹnu wa mọ́. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ̀yin náà, ọkọ mi, ariwo yín ti pọ̀ jù. Ẹ wo méjèèjì, kẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tó bá jiyàn tó ṣubú ló máa ra ẹran ògúnfe tá a máa fi jẹ àmàlà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀." Àwa méjèèjì gbà. Kí àbúrò mi má baà sọ pé mo ṣe màgòmágó, mo ní ká kọ́kọ́ wo èyí tuntun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká wá wo ti àtijọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tójú wa rí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Ṣùgbọ́n kí n tó máa lọ, ẹni tí ò bá tíì wo fíìmù yìí rí, tó sì fẹ́ wò ó, kó yáa ká ìwé ìròyìn yìí kó ti í sábẹ́ ìrọ̀rí. Fíìmù náà kò tó wákàtí méjì. Tó bá wò ó tán, kó padà wá bá mi. Mo máa tú àṣírí ẹ̀ báyìí.

Ìtàn náà rèé. Obìnrin kan wà ní ìlú Phoenix, ní Amẹ́ríkà, Marion Crane lorúkọ ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn ta ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Sam, ṣùgbọ́n gbèsè ò jẹ́ kí Sam lè gbé e níyàwó. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n kó 40,000 dọ́là lé Marion lọ́wọ́ pé kó lọ kó o sí báǹkì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ oṣù, ẹ mọ ohun tí ọkàn máa ń sọ féèyàn nírú àkókò yẹn. Marion kó owó náà sá, ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Sam ní California. Ilẹ̀ ṣú u sójú ọ̀nà, òjò ńlá dé, ló bá yà sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Yàrá 12 ló wà níbẹ̀, kò sì sí àlejò kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Norman Bates ló ń bójú tó ibẹ̀, òun àti ìyá ẹ̀ tó wà nínú ilé orí òkè lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Norman fún àlejò ẹ̀ lóúnjẹ, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ọkàn Marion yí padà, ó pinnu pé tílẹ̀ bá mọ́, òun máa dá owó olówó padà. Ó wọ balùwẹ̀ lọ láti fomi sára. Ibẹ̀ lẹnì kan ti fa aṣọ tí wọ́n fi ké balùwẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ ọ̀bẹ ńlá, ó sì gún un pa.

Ẹ gbọ́ o, fíìmù ò tíì dé ìdajì! Obìnrin tá a ti bá bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tá à ń bá káàánú, tá à ń rò pé ọlọ́pàá máa mú, ló kú wẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àbúrò ẹ̀ obìnrin, Sam, àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, tí wọ́n pa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, títí tí àṣírí fi tú pé ìyá Norman ti kú láti bí ọdún mẹ́wàá. Norman fúnra ẹ̀ ló pa á, tó gbé òkú ẹ̀ pa mọ́ sílé, tó ń wọ aṣọ ìyá náà, tó ń fi ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀, tó sì ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa èèyàn.

Oṣù kẹfà ọdún 1960 ni fíìmù yìí jáde, Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira. Ìwé ìtàn tí Robert Bloch kọ ni wọ́n ti yọ ọ́, 9,500 dọ́là péré ni wọ́n sì fi ra ẹ̀tọ́ ẹ̀. Iléeṣẹ́ Paramount tí Hitchcock ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà kò fẹ́ náwó sí i, wọ́n ní irú ìtàn wo nìyẹn. Hitchcock ní kò burú. Ó yọ̀ǹda 250,000 dọ́là tó yẹ kó gbà gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n fóun ní ìpín 60 nínú 100 fíìmù náà dípò ẹ̀, ó sì wá owó tí wọ́n máa fi ya á fúnra ẹ̀. Àwọn ọmọọṣẹ́ tó ń bá a ṣe eré tẹlifíṣàn ló kó wá, torí iye wọn ò wọ́n, ọwọ́ wọn sì yá. Bíi 800,000 dọ́là ló ná an. Owó tó wọlé fún un ju 30 mílíọ̀nù lọ.

Ìran balùwẹ̀ yẹn nìkan, ọjọ́ méje ni wọ́n fi yà á. Ìgbà 78 ni wọ́n gbé kámẹ́rà kúrò níbì kan sí ibòmíì, bẹ́ẹ̀ ìpànìyàn ọ̀hún ò tó ìṣẹ́jú kan lójú wa. Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ rí tó ń ṣàn lọ, omi ṣokoléètì ni. Ìró ọ̀bẹ tẹ́ ẹ gbọ́, èso kan tó jọ bàrà ni wọ́n ń gún. Hitchcock ti kọ́kọ́ sọ pé òun ò fẹ́ orin kankan níbẹ̀, àmọ́ olórin ẹ̀, Bernard Herrmann, kọ orin sí i, kìkì ohun èlò olókùn, àwọn gòjé òyìnbó tó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Hitchcock gbọ́ ọ, ó gbà pé orin ló yẹ. Ó tún pàṣẹ fáwọn ilé sinimá pé tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, kò sí ṣe mo mọ̀ ọ́ níbẹ̀. Janet Leigh tó ṣe Marion sọ lẹ́yìn náà pé látìgbà tóun ti rí ìran yẹn lójú agbo, òun ò lè dúró sábẹ́ ṣáwà wẹ̀ mọ́. Ẹni tó ṣe é gan-an lẹ̀rù ń bà yẹn o!

Ó wá di oṣù kejìlá ọdún 1998. Gus Van Sant, tí orúkọ ẹ̀ ń dún nígbà náà torí fíìmù Good Will Hunting tó gbé jáde lọ́dún 1997, ló ní òun máa tún Psycho yà. Àràbarà tó wà ńbẹ̀ ni pé kò ní kí wọ́n kọ ìtàn tuntun. Ìwé eré tí Joseph Stefano kọ fún Hitchcock ló gbé lé àwọn òṣèré lọ́wọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n yí padà níbẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà bá dúró sí lọ́dún 1960, ibẹ̀ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí lọ́dún 1998. Orin Herrmann náà ni, Danny Elfman ló tún un tò. Kódà, níbi tí Hitchcock ti fara hàn pẹ̀lú fìlà lórí níta ọ́fíìsì Marion, Van Sant náà dúró síbẹ̀, òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n múra fún kó jọ Hitchcock, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná. Gbogbo ohun tí wọ́n rí pa káàkiri àgbáyé kò tó 40 mílíọ̀nù. Àwọn tó máa ń fún fíìmù burúkú ní àmì ẹ̀yẹ àbùkù, àwọn Golden Raspberry, fún un ní méjì: ti àtúnyà tó burú jù àti ti olùdarí tó burú jù.

Ẹ má jẹ́ ká torí pé ayé bú u ká bú u. Èmi àti àbúrò mi wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Anne Heche, tó ti di olóògbé lọ́dún 2022, ló ṣe Marion. Vince Vaughn ló ṣe Norman, Julianne Moore ṣe àbúrò Marion, William H. Macy ló ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òṣèré tó mọṣẹ́ ni gbogbo wọn, Macy gan-an ṣe dáadáa. Àwọ̀ fíìmù náà dára lójú. Àmọ́ nígbà tó dé ìran balùwẹ̀ tí ọ̀bẹ jáde, àbúrò mi ń jẹ gúgúrú lọ ní tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibi tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ náà nìyí?" Èmi ò fèsì.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Norman. Anthony Perkins tó ṣe é lọ́dún 1960 jẹ́ ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, onítìjú, tó ń kólòlò díẹ̀díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa ní ọmọ yìí jẹ́jẹ́, ìyá ẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹ máa fi ọmọ yín fún un. Nígbà tí Norman ń nu ẹ̀jẹ̀ balùwẹ̀ nù, tó ń ti mọ́tò Marion sínú ẹrẹ̀, tí mọ́tò náà dédé dúró tí kò rì mọ́, àwa tá à ń wò ó pàápàá dá èémí dúró, à ń bẹ mọ́tò pé kó jọ̀ọ́ kó rì! Ẹ ò rí i pé Hitchcock ti sọ àwa náà di ọ̀daràn? Ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá nìyẹn. Vaughn ní tiẹ̀, géńdé tó ga fíofío ni, ojú ẹ̀ le. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyàwó mi ti sọ láti kíṣìnnì pé, "Èmi ò ní sùn sí òtẹ́ẹ̀lì eléyìí láéláé." Ẹni téèyàn ti fura sí látìbẹ̀rẹ̀, kí ló kù tó máa fi bani lẹ́rù?

Ẹ tún wo àwọ̀. Hitchcock fi dúdú àti funfun ya tiẹ̀ torí pé owó ò tó nǹkan, àti torí pé kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa kún ojú èèyàn. Ọkàn ẹni ló ń kun ẹ̀jẹ̀ náà. Lọ́dún 1998, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ni, ọkàn ò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Wọ́n sọ 40,000 dọ́là di 400,000, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbórin kékeré kọ́ àbúrò Marion létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ọdún 1960 ni. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ ìsinsìnyí bá wọ agbádá bàbá ẹ̀ tó tún ń sọ ìtàn ogun Hitler bí ẹni tó lọ.

Àwọn ibi kéékèèké tí Van Sant ti fi tiẹ̀ kún un wá burú ju ibi tó ti dà á kọ lọ. Ó fi àwòrán ìkúùkù òjò há àárín ìpànìyàn. Nígbà tí Norman sì ń yọjú wo Marion láti ihò ara ògiri, ohun tí wọ́n ní kí Vaughn máa ṣe níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tọ́mọdé lè gbé. Perkins kan yọjú ni, ojú ẹ̀ nìkan la rí, ara wa sì bù máṣọ.

Alẹ́ ọjọ́ kejì dé. Ẹ gbọ́ dáadáa o, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti já. Àbúrò mi ti mọ gbogbo àṣírí fíìmù yìí. Ó mọ ìgbà tí Marion máa kú, ó mọ ẹni tó pa á, ó mọ̀ pé òkú ni ìyá. Kò sí nǹkan kan tó ṣókùnkùn sí i mọ́. Mo ti ń rò ó lọ́kàn ara mi pé mo ti pàdánù, pé ẹran ògúnfe ti di gbèsè sí mi lọ́rùn. Iná ọba ò lọ lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run bá mi ṣe é. Nígbà tí Marion jókòó ti Norman tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn òkú ẹyẹ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri, àbúrò mi gbé gúgúrú sílẹ̀. Nígbà tó wọ balùwẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ sórí àga. Nígbà tí gòjé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ní, "Yéè!" Ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnnì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe inú àṣírí ìtàn ni ẹ̀rù wà. Ká ní inú àṣírí ló wà ni, alẹ́ kejì ì bá má bà á lẹ́rù rárá. Kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Kò sí nínú ibi tí kámẹ́rà dúró sí, ibì kan náà ló dúró sí. Ohun tí Hitchcock ṣe, ó nídìí tó fi ṣe é: owó tí kò tó, ayé ìgbà náà tí kì í pa akọni obìnrin láàárín eré, ọmọkùnrin onítìjú tó rí tó fi ṣe Norman. Van Sant kó ohun tó ṣe, kò rí ìdí ẹ̀ kó. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà Hitchcock ni Van Sant ò ní, ó sì rò pé aṣọ ti tó.

Ṣé gbogbo àtúnyà ló wá burú? Rárá o. Lọ́dún 1958, wọ́n ya The Fly, ìtàn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíì. Ó wọ inú ẹ̀ fúnra ẹ̀, eṣinṣin kan bá a wọlé, bó ṣe jáde, orí eṣinṣin ló gbé jáde. David Cronenberg tún un yà lọ́dún 1986. Òun ò da nǹkan kan kọ. Jeff Goldblum ló lò, ó sì jẹ́ kí ara ọkùnrin náà máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, eyín ń jábọ́, etí ń jábọ́, obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀ jókòó ń wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí, tó rí èèyàn ẹ̀ tó ń rù lójú ara ẹ̀, mọ ẹ̀rù yẹn. John Carpenter náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí The Thing lọ́dún 1982. Ti ọdún 1951, òmìrán kan látòde ayé ni. Ti Carpenter, abàmì náà lè di ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ ò mọ ọ̀rẹ́ mọ́. Wọ́n bú u nígbà tó jáde, lónìí, ìyìn ni wọ́n ń fún un.

Nílé wa níbí náà, ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Ẹ rántí Nneka the Pretty Serpent tí Zeb Ejiro darí lọ́dún 1994, tí Ndidi Obi ṣe Nneka, arẹwà tí agbára omi wà lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wo fíìmù yẹn tán tí kò fẹ́ gbé obìnrin arẹwà sínú mọ́tò mọ́. Lóṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n gbé àtúnyà ẹ̀ wọ sinimá, Tosin Igho ló darí ẹ̀, Idia Aisien ló ṣe Nneka. Wọn ò dà á kọ, mo sì kí wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ Nneka di ọmọ tó ń gbẹ̀san ikú àwọn òbí ẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Ẹni tó ń gbẹ̀san òbí ẹ̀, àánú ẹ̀ ló ń ṣeni, kì í bani lẹ́rù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, kí àwọn tó fẹ́ tún fíìmù àtijọ́ yà gbọ́: ẹ yí aṣọ padà, ẹ fi ẹ̀rù sílẹ̀. Psycho ti 1998 fi aṣọ sílẹ̀, ẹ̀rù bọ́ nù lọ́wọ́ ẹ̀. Nneka ti 2020 pààrọ̀ méjèèjì. Cronenberg àti Carpenter nìkan ló mọ èyí tó yẹ kí wọ́n mú àti èyí tó yẹ kí wọ́n jù nù.

Ní ti àbúrò mi, nígbà tí fíìmù parí, ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó wá dìde pé òun fẹ́ lọ wẹ̀ kóun tó sùn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yín yìí ní kọ́kọ́rọ́?" Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n fèsì. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ sùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ ògúnfe ni kẹ́ ẹ bá wa rà, èyí tó lẹ́ran lára."

Ó rà á. A jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi.